Àǹfààní Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òfin Iṣẹ́ fún Àwọn tí Ó Ń Mójú Tó Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìlapa Èrò
(i) Iṣẹ́ ẹni tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́
(ii) Díẹ̀ nínú ohun tí òfin iṣẹ́ sọ
(iii) Ewu tí ó wà nínú àìmọ òfin
(iv) Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́
(v) Èsì fún àwọn alátakò
(vi) Ìkádìí

Àròkọ

Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí kò ní ẹni tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá dé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òun ni ó ń kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìsinmi, òun náà ni ó sì ń kọ ìwé tí a fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ní ilé búrẹ́dì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, akọ̀wé tàbí ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó máa ń ṣe é. Kálàmù ọwọ́ rẹ̀ lè fún ìdílé kan ní oúnjẹ, ó sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó máa lọ kọ́ nípa òfin iṣẹ́ láti ìgbà dé ìgbà.

Kí ni òfin iṣẹ́? Òun ni ó sọ ohun tí agbanisíṣẹ́ jẹ òṣìṣẹ́ àti ohun tí òṣìṣẹ́ jẹ agbanisíṣẹ́. Èyí tí ó ṣe kókó ní Nàìjíríà ni Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí ó ti pé ọdún 5 ní ẹ̀tọ́ sí ti oṣù kan. Aboyún lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tí a ó máa san fún un kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò kan gbogbo ènìyàn. Ó yọ àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú sílẹ̀. Àdéhùn inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn ni a ó kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò ní mọ ìyàtọ̀ yìí.

Òfin náà kò sì dúró sójú kan. Ní 1981, owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ ₦125. Ní 2019, ó di ₦30,000. Ní 2024, ó di ₦70,000. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí a ṣe ní 2004, a tún un ṣe ní 2014. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn tí kò tún padà lọ kọ́ sí i, òfin àtijọ́ ni yóò máa lò.

Ẹ jẹ́ kí á wo ewu tí ó wà nínú àìmọ̀. Ká ní ẹ̀rọ gé ìka òṣìṣẹ́ kan nílé búrẹ́dì. Ẹni tí kò mọ òfin yóò fún un ní owó oògùn, yóò sì ní kí ó máa lọ sílé. Ẹni tí ó mọ òfin yóò rántí òfin ọdún 2010, tí ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kí a lè máa ti ibẹ̀ san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Yóò fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ tí ó ń tọ́jú àpò náà létí kí ọjọ́ 7 tó pé. Ẹ rí i pé ìmọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni ó ya alágbe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò rí owó jẹun.

Ẹ tún wo ẹjọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Èkó, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní 1985. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láìtẹ̀lé ìlànà tí ó wà nínú òfin tí ó dá yunifásítì náà sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òfin ni ó dá yunifásítì tiwa náà sílẹ̀.

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, agbẹjọ́rò yóò ṣàlàyé irú ẹjọ́ báwọ̀nyí. Wọn yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ kúẹ́rì, bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ kí a tó dá a lẹ́bi, àti bí a ṣe ń pa ìwé mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 tí òfin sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1992, máa ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Michael Imoudu sọ ní Ìlọrin, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, ń kọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn aṣojú agbanisíṣẹ́. Èyí dára púpọ̀, nítorí àwọn méjèèjì yóò jọ gbọ́ òfin kan náà kí ìjà tó dé.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìyí, àti pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń náni lówó. Òótọ́ ni pé owó ń lọ sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ni a sábà máa ń pe agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó kọ ìwé àkọ́kọ́ ni ó lè dá ẹjọ́ dúró. A kì í sì ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ní ìkádìí, ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó lọ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ padà wá kọ́ àwọn ọ̀gá kéékèèké, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò fi ọkàn balẹ̀ ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.