Ohùn Wà Nínú Amọ̀, Orin Ti Lọ

Bí ẹ bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, yálà ní London tàbí New York, ẹ má ṣe kọjá lára àwọn ẹyẹ, ọ̀bọ àti ìjàpá alámọ̀ tí wọ́n kó wá láti Perú, Mẹ́síkò àti Costa Rica láì dúró wò wọ́n. Ẹni tó bá kánjú lè pè wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé. Rárá o, ohun èlò orin ni wọ́n, wọ́n sì ti wà kí Columbus tó gúnlẹ̀ sí apá ibẹ̀ ní 1492.

Àwọn kan jẹ́ fèrè oníhò. Ìdí ìrù ni a sábà máa ń ti fọn ọ́n, ìka a sì máa dí ihò tó wà lára ẹranko náà. Nínú fèrè oparun, ibi tí ihò wà ló ń pín ohùn. Nínú ti alámọ̀ yìí, bí ihò tí a ṣí bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń ròkè tó.

Èyí tó jọ wá lójú jù lọ ni ìgò oníbejì àwọn Chimú, tí wọ́n jọba ní etíkun àríwá Perú títí àwọn Inca fi ṣẹ́gun wọn ní nǹkan bí 1470. Ojú ihò kan ló so ìgò méjèèjì pọ̀. Bí a bá bu omi sí i, tí a sì gbé e tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn, omi á ṣàn láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, á ti atẹ́gùn gba inú fèrè kékeré tó wà níbi orí ẹyẹ, ẹyẹ á sì súfèé. Wọn kò ní kẹ̀kẹ́ tí ń yí amọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa nílé kò ti ní in. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn wá. Amọ̀ tí iná ti jó kì í jẹrà. Ẹni tó bá fọn ẹyẹ náà lónìí, yóò dún. Orin tí wọ́n ń fi í kọ ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá àwọn tó ni ín lọ. Àwọn olè tí ń hú sàréè sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn tà, láì sọ sàréè ta ni tàbí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dùndún àti fèrè tiwa ṣì ní àgbà tí a lè bi léèrè. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ olórin, ìlú, ọjọ́ àti ìdí tí wọ́n fi ń lù ú. Kí ọmọ ọmọ wa má baà dúró níwájú gíláàsì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n máa bi ìlù tí kò lè dáhùn léèrè ọ̀rọ̀.