Ìkọ́ṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ́fíìsì Ìjọba ní Accra

Ní Accra, tí í ṣe ibùjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ghana, ìkọ́ṣẹ́ ìjọba, èyíinì ni iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nígbà ìsinmi gígùn láti mọ bí ìṣàkóso ṣe ń lọ, kì í sábà wá bá ẹni tó jókòó sílé. Lẹ́tà ìfinihàn láti yunifásítì, irú bíi ti Legon tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ni a ń so mọ́ lẹ́tà ìbéèrè. Ó sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹ̀dà kan dání kí akọ̀wé lè lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i, nítorí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni yóò fi tọpa èsì. Ẹni tó fẹ́ràn òṣèlú lè kọ̀wé sí aṣòfin àgbègbè rẹ̀, bí iṣẹ́ ibẹ̀ kò tilẹ̀ ju kíka àbádòfin, ìyẹn òfin tí a kò tíì fọwọ́ sí, àti títo lẹ́tà ará ìlú sínú fáìlì lọ. Ìkọ́ṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ìsìnlú ọlọ́dún kan tí àwọn tó ti gboyè ń ṣe, tí Ghana bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ọdún kan náà tí Nàìjíríà dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀.