Owó Àìṣeégbàpadà Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Ìwọjà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń wo ọjà tuntun kan náà, kì í ṣe èrè ibẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù ń ṣírò, bí kò ṣe èyí tí yóò ṣẹ́kù bí olùdíje rẹ̀ bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọjà ni a pe irú ìgbésẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòroó túmọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni orúkọ owó tí ilé-iṣẹ́ ná láti wọlé, tí kò sì lè rí gbà mọ́ bí ó bá jáde. Owó-wọgbó ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ohun tí ó wọgbó ti ṣòfò. Owó tí a ń wí yìí sì lè mú èrè rẹpẹtẹ wá. Oníṣòwò tí ó ra ọkọ̀ akẹ́rù lè tún un tà; èyí tí ó ná lórí ìpolówó ọjà ti lọ nìyẹn. Owó àìṣeégbàpadà ni a fara mọ́, bí ó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọjà tẹlifóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, àjọ NCC ta ìwé-àṣẹ ní gbàǹjo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. MTN àti Econet san tiwọn. CIL kò san tirẹ̀ pé lásìkò, ìwé-àṣẹ náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó san án, ó yẹ kí wọ́n gbé owó yìí lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú èrè tí wọ́n ń retí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti san án, kò kan ìpinnu àtidúró tàbí àtijáde mọ́; bóyá owó tí ń wọlé ju ìnáwó ojoojúmọ́ lọ ni ó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní 'owó-wọgbó' yóò máa rò pé dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá a jáde nínú igbó.

Ìṣirò Globacom yàtọ̀. Nígbà tí ó wọjà ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó ti hàn pé àwọn ènìyàn ń ra fóònù. Ṣùgbọ́n òpó àwọn aṣíwájú ti dúró, wọn kò sì ní tu wọ́n nítorí àlejò. Owó àìṣeégbàpadà tiwọn di ìdènà-ìwọjà fún un. (A kò lo 'odi', nítorí ẹni tí ó bá lówó lè kọjá ìdènà.) Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣírò owó ìpè nígbà náà, Globacom bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó bá lọ́jà sì tẹ̀lé e.