Yíyẹ Ìlera Odò Wò Pẹ̀lú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Odò tó ní ìlera ni èyí tí ẹja, edé àti kòkòrò inú omi ń rí èémí àti oúnjẹ nínú rẹ̀. Nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá odò Olúwa, ohun tó lè gba èémí yìí ò jìnnà sílé: omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún pupuru, àti ẹ̀gbin ẹbu epo. Bí nǹkan wọ̀nyí bá ń jẹrà, àwọn ohun aláìfojúrí tó ń jẹ wọ́n a máa fa ọ́síjìn inú omi tán. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, ara á máa ni ọ̀pọ̀ ẹja.

Ibi méjì ni kílàásì á yàn: òkè odò, kó tó dé ẹbu tàbí ibi ìrẹgẹ́, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ní ìtumọ̀. Omi inú igbó àbàtà lè dúdú bíi tíì láti ara ewé, kí pH rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ 6.5 sí 8.5 tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ fún omi mímu, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bà á jẹ́.

Kòkòrò ni ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé jù. Omi tí wọ́n bù sínú ìgò ń sọ ti òní nìkan. Ọmọ lámilámi tó ti ń gbé ìdí koríko fún oṣù mélòó kan ti rí gbogbo ohun tó ṣàn kọjá. Àwọn ọmọ á ti ajọ̀ bọ àárín gbòǹgbò koríko etí omi, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì da ohun tó bá kó sínú abọ́ funfun tí omi díẹ̀ wà. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ọmọ lámilámi oríṣiríṣi àti edé jẹ́ àmì rere. Bó bá jẹ́ aràn pupa tín-ín-rín àti tanwíji nìkan ló kù, ọ́síjìn ti wọ́n níbẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìlànà miniSASS tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò pín kòkòrò odò sí ìsọ̀rí 13, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì. Odò ibẹ̀ ni máàkì náà wà fún. Ọ̀nà kíkà rẹ̀ ló ṣeé yá.

Bí ojú omi bá ń dán bí epo, kí wọ́n fi igi tọ́ ọ. Èyí tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ tí kò tún para pọ̀, ti irin inú ilẹ̀ ni; èyí tó bá ṣàn padà pàdé, epo ni.

Omi tó mọ́ gaara ṣì lè ní ìgbẹ́ nínú, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Àtọ̀sí ajá, tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, ń ti ara ìgbín omi bọ́ sínú odò, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́ di dandan. Omi ò gbọdọ̀ dé orúnkún ọmọ tó kúrú jù. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ sódò. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ á lọ sílé ìwòsàn fún oògùn praziquantel.

Ní ti yíyẹ odò wò, ẹ̀ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan nígbà òjò ló tó. Bí ìsàlẹ̀ bá burú ju òkè lọ nígbà méjèèjì, kí olùkọ́ mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀.