Ìdí tí Èèpo Ọta Ìbọn fi ń Sán

Èèpo ọta ni idẹ roboto tí ó di ẹ̀tù mú, tí orí ọta jókòó sí ẹnu rẹ̀. Bí a bá yìn ìbọn tán, òun ni ó máa ń ṣẹ́kù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan a máa ṣà á jọ, wọn a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá ìbọn mìíràn mu, wọn a sì tún da ẹ̀tù sí i. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò gba aráàlú láyè láti ṣe ọta. Síbẹ̀, ogun abẹ́lé dé Orè ní 1967. Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Omifunfun bá hú èèpo àtijọ́ nínú oko, tí ó sì bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá a lè tún un lò, kí ni olùkọ́ yóò wí?

Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n idẹ èèpo, bí 70 jẹ́ bàbà, 30 sì jẹ́ síńkì. Idẹ yìí rọ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ní tútù ni ó ń le sí i, títí yóò fi sán. Asúdẹ kò mọ ìyọnu yìí: yíyọ́ ni ó ń yọ́ tirẹ̀ dà sínú amọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe àwọn orí tí a hú ní agboolé Wúnmọníje ní Ifẹ̀ ní 1938. Ẹni tí ó ń fi òòlù lu idẹ ni ó gbọ́dọ̀ máa dá a padà sínú iná kí ó tó tún lù ú. Rọ àti rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n nílé agbẹ̀dẹ, ẹni tí yóò rọ idẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó rọ̀.

Bí ọrùn èèpo bá sán lóròó, ó ti le jù. Iná ni kò rí. Bí èjìká rẹ̀ bá tẹ̀ wọnú, òróró tí a fi pa á ti pọ̀ jù, nítorí òróró kì í fún pọ̀. Ọrùn tí a sọ di tín-ín-rín a máa nípọn sí i. Bí a kò bá fá a, kò ní lè tú orí ọta sílẹ̀ bó ti yẹ, agbára inú ìbọn yóò sì ga ré kọjá ààlà.

Ìdí èèpo ni ewu gan-an wà. Ọrùn ni ó yẹ kí ó rọ̀. Ìdí gbọ́dọ̀ le. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń gbé ìdí rẹ̀ sínú omi nígbà tí wọ́n bá ń fi iná sí ọrùn. Bí iná bá dé ìdí, afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba ibẹ̀ tú jáde sí ojú ẹni tí ó yìn ìbọn.

Idẹ tún lè sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ilẹ̀ Índíà, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èèpo ọta tí àwọn ọmọ ogun kó sí ilé ẹṣin máa ń sán ní ìgbà òjò. Amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ni ó ń wọ inú idẹ tí a ti tẹ̀ le. Amóníà kan náà wà nínú ìgbẹ́ adìẹ.

Èèpo tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ tútù ńkọ́? Bí ó bá ti pọ́n bí bàbà, síńkì ti jẹrà kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí iná tí ó lè dá a padà. Bí orí ọta bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kí ọmọ náà fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí àgbàlagbà lọ pe ọlọ́pàá.