Kọ̀ǹpútà Tí Ọmọ Yín Ń Gbé Bọ̀ Láti Ilé Ìwé: Owó Wo Ni Wọ́n Fi Rà Á, Ta Ni Yóò sì Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ìwé ìlàlóye fún ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ẹ ní ọmọ ní ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí ilé ìwé ń kó lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ṣé ti ọmọ ni, àbí ti ilé ìwé? Bó bá fọ́ ńkọ́? Kí ló dé tí ilé ìwé tó ń pín kọ̀ǹpútà fún tọmọdé-tàgbà ní ọdún 2021 fi ń sọ nísinsìnyí pé kò sówó? Ìbéèrè kẹta yìí la ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ìdí ọ̀ràn.

Ibi tí owó náà ti wá

Nígbà tí àrùn Kòrónà lé àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà tú owó sílẹ̀ fún ilé ìwé. Ti àkọ́kọ́, ní oṣù Kẹta ọdún 2020, jẹ́ bílíọ̀nù 13.2 dọ́là. Èkejì dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó jẹ́ bílíọ̀nù 54.3. Ẹ̀kẹta, tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ló pọ̀ jù: nǹkan bíi bílíọ̀nù 122. ESSER ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé ń pe owó náà. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yìí ní ìpàdé, òun ni wọ́n ń sọ.

Kò sí èyí tó gba ọwọ́ òbí kọjá. Ìpínlẹ̀ ló gbà á, òfin sì ní kó pín ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, fún àwọn school district, ìyẹn àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé ìwé ìjọba ládùúgbò. Ibi tí ọmọ mẹ̀kúnnù pọ̀ sí ni owó pọ̀ sí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé owó ESSER ọmọ yín wà nílẹ̀, pé kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà Social Security tàbí ti báńkì yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù náà.

Òfin gba àwọn district láyè láti fi owó náà ra kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti fi tún ọ̀nà atẹ́gùn kíláàsì ṣe, láti fi gba olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Nínú owó ti 2021, district kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ láti fi bá àwọn ọmọ wá ẹ̀kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilé ìwé wà ní títì.

Ṣùgbọ́n owó ìgbà díẹ̀ ni. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni gbèdéke tí district fi gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ná ìyókù lé lórí, ọjọ́ náà sì ti lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi owó náà rà kò mọ̀ pé owó ti tán, ó ń gbó lọ ni. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nínú òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2009 láti gbé ọrọ̀ ajé dìde, mílíọ̀nù 650 dọ́là wà fún ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ilé ìwé. Nígbà tó fi di ìṣúná ọdún 2011, ètò náà kò rí sẹ́ǹtì kan gbà mọ́. Ohun tó ń kọ wá lóminú nìyí, òun ló sì jẹ́ ká kọ ìwé yìí.

Ẹ yẹ kọ̀ǹpútà náà wò lálẹ́ òní

Ẹ yí i dojú dé. Ẹ ó rí bébà pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tó ní nọ́ńbà lára. Bébà yìí fi hàn pé ohun ìní district ni, wọ́n yá ọmọ yín ni. Ẹ kọ nọ́ńbà náà síbì kan. Ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, àti ibi tó ti ń ṣí tó ń pa dé, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ là. Ẹ ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nítorí owó ìtanràn yàtọ̀ láti district sí district. Bó bá bàjẹ́, ẹ tètè sọ fún ilé ìwé. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò.

Bó bá jẹ́ Chromebook, ẹ ní kí ọmọ ṣí Settings, kó lọ sí About ChromeOS, kó wá wo Additional details. Ẹ ó rí ọjọ́ tí Google kò ní fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Google kéde pé àwọn irú tó jáde láti 2021 yóò máa gba àtúnṣe fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí irú kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ jáde sọ́jà ni wọ́n ti ń ka ọdún náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé ìwé rà á. Èyí tí wọ́n rà tuntun lè ti lo ọdún mélòó kan nínú mẹ́wàá ọ̀hún.

Owó tí kò tíì tán

Ètò E-Rate ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin ọdún 1996 ló dá a sílẹ̀, òun ló sì ń dín owó íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwé àti ilé ìkàwé kù, láti ìdá 20 títí dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kó owó rẹ̀ jọ bófin mu. Ṣùgbọ́n kò sí fún ríra kọ̀ǹpútà ọmọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ìpèníjà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí IEP ọmọ, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún òun nìkan, bá sọ pé ó nílò ẹ̀rọ kan láti fi kẹ́kọ̀ọ́, bíi èyí tó ń ka ìwé sókè tàbí èyí tó ń bá a sọ̀rọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní IDEA ní kí ilé ìwé pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìgbìmọ̀ IEP bá rí i pé ó nílò rẹ̀ nílé pẹ̀lú, ó gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ sílé. Ẹ̀tọ́ yìí kò sí lára owó Kòrónà, kò sì bá a lọ. A mọ̀ pé ìtìjú a máa jẹ́ kí àwọn kan nínú wa fi àìlera ọmọ pa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló ń jìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ìwé

Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé school board, ẹ sì láṣẹ láti wọlé. Ẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ béèrè pé: kọ̀ǹpútà mélòó ni ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀ yóò pé láàárín ọdún méjì sí i? Inú owó wo lẹ ó ti pààrọ̀ wọn? Àwọn òṣìṣẹ́ wo ni owó ESSER ń san owó oṣù fún tẹ́lẹ̀, ta ló sì ń san án báyìí?

Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 kò gbà kí ilé ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá dù yín ní ohunkóhun. Ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Bí wọn kò bá dáhùn ní ìpàdé, ẹ kọ ìbéèrè náà sínú lẹ́tà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tó jẹ́ kí aráàlú rí àkọsílẹ̀ ìjọba, ìwé àdéhùn tí district fi ra kọ̀ǹpútà sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i lára.