Wii, Ouya, Switch: ṣé orúkọ ló ń ta ẹ̀rọ géèmù ni?

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Orí nílùú Ìwó. Wáyà ṣájà ni mo wá rà. Ìyá kan wọlé, ó na fóònù rẹ̀ sí ọmọkùnrin tó ń tajà. "Ọmọ mi, dákun bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ ń tà á níbí, kí n lè mọ iye rẹ̀?" Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ló ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù fún ọmọ rẹ̀ bí òun bá ń bọ̀ wá ṣọdún, kí ọmọ sọ èyí tó wù ú. Ọmọ sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Switch. Ọmọkùnrin náà kà á tán, ó nawọ́ sí ara ògiri níbi tí wọ́n kó súìṣì iná oríṣiríṣi kọ́ sí. "Mà, èwo nínú wọn? Ti gílóòbù ni àbí ti fáànù?"

Ẹ̀rín pa wá, ìyá náà pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Japan àti Amẹ́ríkà ti ń náwó lé lórí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á ṣe ẹ̀rọ tán, ó wá ku orúkọ. Bí orúkọ náà bá ṣàjèjì, ṣé yóò ti ọjà síwájú ni, àbí yóò fà á sẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí orúkọ rẹ̀ ìbá dùn mọ́ Yorùbá nínú jù. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Julie Uhrman gbé èrò kan lọ sórí Kickstarter, ìkànnì tí aráyé ti ń dáwó fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tuntun. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ géèmù kékeré kan tí yóò máa lo Android bíi ti fóònù, tí a ó sì máa tà ní dọ́là 99. Dọ́là 950,000 ló béèrè. Kí ìdáwó tó parí, àwọn tó lé ní 63,000 ti dá ju mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ dọ́là lọ fún un. Orúkọ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ouya.

Ẹ pè é sókè wò. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i, "Ó yá!" ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yá, ẹ gbé páàdì. Ó yá, ta ló kàn? Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Ìwó kan sọ ẹ̀rọ géèmù lórúkọ, mi ò rò pé ó lè rí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti àwọn Òyìnbó, wọn ò mọ bí wọn ó ṣe pè é, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan ní èdè wọn.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni Ouya dé ọjà. Àwọn kan tó ti dáwó láti ọdún tó ṣáájú kò tíì rí tiwọn gbà nígbà tí wọ́n ti ń tà á lórí àtẹ fún ẹni tí kò dá kọ́bọ̀. Páàdì rẹ̀ kò dán mọ́rán. Géèmù tí ènìyàn kò lè rí níbòmíràn kò pọ̀ lórí rẹ̀, púpọ̀ nínú èyí tó sì wà níbẹ̀, fóònù ọwọ́ ẹni lè gbé e. Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ Razer ra ohun tó kù níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ọdún mẹ́fà géérégé sí ọjọ́ tó dé ọjà, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Ó yá ti di ó tán. Ẹni tó bá ní orúkọ ló pa Ouya, kò tíì di páàdì yẹn mú rí.

Òdìkejì rẹ̀ ni Wii. Iléeṣẹ́ Nintendo ti ń pe ẹ̀rọ yẹn ní Revolution nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, orúkọ tó rinlẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2006, wọ́n kéde pé Wii ni yóò máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà, nítorí pé létí Òyìnbó, bí ọmọdé ṣe ń pe ìtọ̀ nìyẹn. (Létí tiwa, "wí" lásán ni, kò sóhun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.) Nintendo ṣàlàyé pé "àwa" ni ọ̀rọ̀ náà ń dún bí, pé i méjì tó tẹ̀lé ara wọn yẹn dà bí ènìyàn méjì tó dúró ti ara wọn. Wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ fún bí oṣù kan, ó tán. Nígbà tí ọjà fi kásẹ̀ ńlẹ̀, 101.63 mílíọ̀nù ni wọ́n tà.

Kí ló tà á? Rìmóòtù ni. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń jù. Bí o bá ju ọwọ́ bí ẹni ń gbá tẹ́níìsì, ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á gbá tẹ́níìsì. Ìyá àgbà tí kò fọwọ́ kan páàdì rí láyé rẹ̀ lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ díje. Orúkọ tí wọ́n sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú kan ló gbà láti há a sórí. Èmi rò pé ẹ̀fẹ̀ yẹn bá wọn polówó ni.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Nintendo bí àbúrò fún Wii. Wii U ni wọ́n sọ ọ́. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi Wii U ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ṣe fi Wii ṣe é, síbẹ̀ òun ni orúkọ rẹ̀ kó bá. Páàdì rẹ̀ ní ojú bíi ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Nínú ìpolówó, páàdì yìí ni wọ́n ń gbé sókè ṣáá. Ẹni tó ti ní Wii nílé wò ó, ó ní: á à, wọ́n ti ṣe páàdì tuntun fún Wii, ti àná ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tèmi o. Satoru Iwata tó jẹ́ ọ̀gá Nintendo nígbà yẹn fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn kan rò pé Wii àtijọ́ kan náà ni, tí wọ́n kàn fi páàdì kún. 13.56 mílíọ̀nù péré ni Wii U tà kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Mi ò ní dá orúkọ nìkan lẹ́bi o. Géèmù rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe géèmù sì tètè pa á tì. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kò bá mọ̀ pé nǹkan tuntun lò ń tà, kò tíì dé ibi tí yóò ti béèrè géèmù.

Ẹni tó ń gbá géèmù gan-an, kò sí orúkọ tó lè rú u lójú. Ó ti wo fídíò rẹ̀ lórí YouTube kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń sanwó ni ọ̀rọ̀ kàn: ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, ẹni tó jẹ́ pé ìpè kan àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí fóònù ló ní lọ́wọ́. Orúkọ lè rí bó ṣe wù ú. Ohun tí onítọ̀hún ń fẹ́ ni pé bí òun bá pè é níwájú ọlọ́jà, ohun kan ṣoṣo ni kí ọlọ́jà gbé wá.

Ọ̀rọ̀ yìí, àwọn mẹkáníìkì wa ti yanjú rẹ̀ tipẹ́. Láti ọdún 1976 ni Honda ti ń ṣe Accord, Accord náà ni wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó yàtọ̀ síra tó. Ẹni tó ń ra tòkúnbọ̀ kò lè fara mọ́ ìyẹn. Bí o bá rán ọmọ níṣẹ́ pé kó lọ ra iná iwájú Accord, ti mọ́tò ẹlòmíràn ni yóò gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgboro ṣe sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Hálà, Baby Boy, End of Discussion. Nígbà tí òmíràn tún dé lẹ́yìn ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n pè é ní Discussion Continues. Èyí tó tẹ̀lé e ni Evil Spirit. Camry ti Toyota náà ní Orobo, Pencil Light, Big Daddy, Muscle, Spider. Ta ni yóò jókòó ní ọ́fíìsì ní Tokyo, tí yóò sọ mọ́tò ní ẹ̀mí burúkú, tí yóò sì retí pé kí ènìyàn fi gbé ìyàwó? Síbẹ̀, bí ẹ bá béèrè iná iwájú Evil Spirit lọ́wọ́ ẹni tó ń ta páàtì, kò ní gbé ti Baby Boy fún yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fún ọ̀pọ̀ ilé géèmù níná náà ńkọ́? Tiger TG950 ni iléeṣẹ́ kọ sí i lára. Ẹ béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, kí ẹ wo ojú tí wọn ó fi wò yín. "I better pass my neighbour" ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí, gbólóhùn odidi kan, ó gùn, ó ṣàjèjì, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í pè.

Ó kan Microsoft báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ lórúkọ, àwọn tó ń bójú tó ìpolówó kò fẹ́ Xbox rárá. Wọ́n kàn fi í sáàárín àwọn orúkọ tó kù kí àwọn tí wọ́n fẹ́ bi léèrè lè rí bó ṣe burú tó ni. Òun gan-an ni wọ́n mú. Ọdún 2001 ló jáde, orúkọ náà kò sì pa á lára. Ìgbà tó di pé kí wọ́n sọ àwọn àbúrò rẹ̀ lórúkọ ni wàhálà dé. Èkejì, tó jáde ní 2005, Xbox 360 ni, nítorí pé bí wọ́n bá pè é ní Xbox 2, tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ PlayStation 3, ọmọdé ni yóò jọ. Ẹ̀kẹta, ní 2013, wọ́n pè é ní Xbox One. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ Ẹyọ Kan! Lọ́dún 2017 wọ́n mú Xbox One X jáde, ní 2020 ẹ wá gbọ́ Xbox Series X. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àsansílẹ̀ fún Series X, One X tó ti di ogbó fò sókè lójijì lórí àtẹ ọjà tó ń yá jù ní Amazon. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwọn kan ti ṣi orúkọ rà.

Bí wọ́n bá bi Yorùbá ni, à bá ti là wọ́n lọ́yẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ Ìdòwú, ẹ ò ní béèrè bóyá ìbejì ló tẹ̀lé. Àlàbá wá lẹ́yìn Ìdòwú, ó tán. Sony ló fi irú ọgbọ́n yẹn ṣe tiwọn: PlayStation ní 1994, lẹ́yìn náà 2, 3, 4, 5, kò sí pọ́n-na kankan níbẹ̀. PlayStation 2 nìkan tà ju 160 mílíọ̀nù lọ, kò sì sí ẹ̀rọ géèmù mìíràn tó tíì ta tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìwó, ilé géèmù tí mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá kò kọ nǹkan púpọ̀ sí pátákó rẹ̀. Páálí ni pátákó ọ̀hún, "PS4" ni wọ́n fi máàkà kọ sí i, pẹ̀lú iye owó géèmù kan lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà mọ ní lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà kan.

Nínú ilé géèmù yẹn kan náà ni ẹ ó ti mọ̀ pé iléeṣẹ́ ló ni orúkọ, ẹnu ọmọ ìgboro ló ni pípè. Iléeṣẹ́ Konami ti yí orúkọ géèmù bọ́ọ̀lù wọn, PES, padà sí eFootball láti ọdún 2021. Iléeṣẹ́ EA pẹ̀lú àjọ FIFA ti pín gaàrí, géèmù wọn tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀ sì ti ń jẹ́ EA Sports FC láti 2023. Ẹ wọlé kí ẹ ní ẹ fẹ́ gbá EA Sports FC. "FIFA ni bọ̀dá ń sọ," ni wọn ó wí, wọn ó sì na páàdì sí yín.

Ó dà bí ẹni pé Nintendo náà ti gbọ́n. Kó tó gbọ́n, ó tún ti ṣe ẹ̀rọ aláfọwọ́gbé kan lọ́dún 2014 tó pè ní New Nintendo 3DS, "tuntun" di ara orúkọ. Ẹ rò ó wò bí ó bá dé ọjà Alaba ní Èkó ní tòkúnbọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ń wá New tó ti gbó." Ṣùgbọ́n Switch tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017 tà ju 150 mílíọ̀nù lọ, orúkọ rẹ̀ sì sọ ohun tó ń ṣe: ẹ lè fi í gbá géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì yọ ọ́ mú lọ́wọ́ jáde. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọn ò wá U kankan kiri mọ́. Switch 2. Ó tà ju mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tí ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù náà wá ṣàlàyé fún ìyá nìyẹn, lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán. Ó ní kì í ṣe ti iná, pé ẹ̀rọ géèmù Nintendo ni, àwọn ò tà á ní Ìwó níbí, àti pé oríṣi méjì ló wà, kí ìyá rí i pé ti tuntun ni wọ́n rà, èyí tó ní méjì lára. Ìyá náà dúpẹ́. Ó pe London lójú wa, ó sì tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta.

"Mo ti béèrè o. Súìṣì méjì ni."

"Méjì kẹ̀?" ni ohùn ọkùnrin náà dáhùn. "Àǹtí mi, ẹyọ kan ni mo ṣèlérí o!"